Aràn Tí Wọ́n Ní Wọ́n Rán Sí Mi

Òórùn àkàrà ló gba àgbàlá wa nísàlẹ̀ Òkè Màpó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nínú oṣù ààwẹ̀. Inú ti ń run mí tipẹ́, mo ṣebí ebi ni. Bí mo ṣe mu ògì ìṣínu díẹ̀ báyìí, èébì gbé mi, aràn kan tó gùn bí okùn bàtà já bọ́ sórí ẹní, ó ń lọ́ mọ́ra. Ìyálé mi sáré fi abọ́ dé e mọ́lẹ̀.

"Ẹ má pa á o!" ìyá ọkọ wa ké. "Ẹni tó rán an á tún rán òmíràn!"

"Ṣé kí n wá máa bu ògì fún un ni, Màmá?" ìyálé mi fèsì.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín, ikùn mi ti le bí òkúta. Nílé ìwòsàn, dókítà ní aràn ti takókó sínú ìfun mi. Bí kò bá tú, àfi kí wọ́n là mí nínú. Ọlọ́run bá mi ṣe é, omi tí wọ́n fà sí mi lára àti rọ́bà tí wọ́n ki bọ imú mi jẹ́ kó tú. Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé oògùn aràn dé, mi ò gbé e mì. Bí mo bá pa eléyìí, kí ni wọn yóò tún rán?

Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣèwádìí ní yunifásítì ló wá jókòó tì mí. Ó ní àwọn ń sin aràn wẹ́wẹ́ kan tó ń gbé inú ilẹ̀, ìbátan tèmi yìí. Èròjà ara kan tí wọ́n ń pè ní puroténì wà lára wọn tó máa ń di kálísíọ̀mù mú, kálísíọ̀mù yìí ni iṣan wọn sì fi ń ṣiṣẹ́. Bí puroténì náà bá bàjẹ́, aràn á máa wọ́ bí arúgbó, ẹyin rẹ̀ á sì dín kù.

"Àǹtí mi, ṣé iṣẹ́ tí ayé rán ló ń ya arọ báyẹn? Ẹyin rẹ̀ lẹ gbé mì, bóyá lára ẹ̀fọ́. Ẹran ara lásán ni, oògùn sì ká a. Ẹ gbé e mì, ẹ jàre."

Mo wá rí òótọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rù mi ló ti ń fún nǹkan yìí lágbára tí kò ní. Mo gbé oògùn mì.

Nígbà tí mo délé, mo ní gbogbo agbo ilé ni yóò lo oògùn. Ìyá ọkọ mi ló kẹ́yìn, wọ́n ń kùn pé, "Èmi ò mà láràn o," wọ́n sì mu omi lé e. Nígbà tó yá, gbogbo wa gbé ìgbẹ́ lọ fún àyẹ̀wò. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó ní, "Kò sẹ́yin aràn lára ẹnikẹ́ni nínú yín mọ́." Mo pariwo "Alihamdulilahi!" débi pé àwọn aláìsàn yíjú wò mí.

Ojo ṣì ni mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà, kí n tó sá fún ohunkóhun, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń jẹ àti bó ṣe ń bímọ.