Wọ́n Ṣàdúrà Ẹ̀mí Gígùn fún Òkú

Ẹ̀rín-ò-wọ́n ti kú. Orí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn ló kú sí, níbi tó ti ń retí dókítà láti àárọ̀, tí àìsàn ti dí i lọ́fun pa. Obìnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ ń jáde nínú rédíò kò lè fọhùn pe nọ́ọ̀sì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ onídìrí, ló fọwọ́ pa á lójú dé. A sin ín. Mo rò pé ó parí. Rédíò ò gbà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà díẹ̀ á rántí rẹ̀ nínú eré ìdílé ọjọ́ Àìkú, òun tó ń ṣe ìyá ọkọ tó burú. Á bú ìyàwó ilé tán, ẹ̀rín á wá gba ẹnu òun fúnra rẹ̀, ẹ̀rín gígùn kan tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fepo sí. Bàbá àwọn ọmọ mi a máa gbé síbí sílẹ̀ kó lè bá a rín in dáadáa.

Ẹ̀rín yẹn ni rédíò wa fi ń ṣí ètò "Irú Òní" láràárọ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ gbajúmọ̀ tí wọ́n bí nírú ọjọ́ òní, fíìmù tó jáde, olórin tó gbẹ̀bùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìsìnkú, ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé. Mo ń po tíì lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́: "Irú òní la bí ìyá wa, Ẹ̀rín-ò-wọ́n! Màmá, ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó ṣe ọ̀pọ̀ ọdún láyé! Ẹ̀yin olólùfẹ́ wọn, nọ́ńbà fóònù wọn là ń kà fún yín yìí, ẹ pè wọ́n, ẹ kí wọn o!"

Ohùn ọmọ mi ni. Àbígbẹ̀yìn mi, tó fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ pé òun ń lọ di gbajúmọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí n fọkàn balẹ̀. Mo pè é.

"Ta lo ní kó pẹ́ láyé?"

"Màmá, ẹ gbọ́ mi? Ó dùn, àbí?"

"Ó ti kú."

"Ohun tí kọ̀ǹpútà bá gbé jáde la máa ń kà."

"Kọ̀ǹpútà ló bí ẹ ni? Ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún yín ni?"

Ẹnìkan sọ. Ọmọ olóògbé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ ìsìnkú. Wọ́n ní ọ̀gá wà nípàdé. Akọ̀wé ọ̀gá ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, àǹtí," ó sì tẹjú mọ́ fóònù rẹ̀.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ olóògbé náà lọ́sàn-án ọjọ́ ìbí yẹn. Fóònù ìyá rẹ̀ wà láàárín àwọn kóòmù, ó ń dún. "Tí mi ò bá gbé e, wọ́n á ní Màmá ń gbéra ga," ló wí. Ó gbé e. "Ẹ má bínú, sà, wọ́n ti ṣaláìsí." Ó tún dún. "Ẹ má bínú, mà." Ọkùnrin kan ò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀: "Gbé e fún wọn, jọ̀ọ́, kí wọ́n rín ẹ̀rín yẹn sí mi létí lẹ́ẹ̀kan péré." Ọmọ náà gbé fóònù kalẹ̀ láìpa á, ó ń dìrun lọ. A ń gbọ́ ọkùnrin yẹn: "Ẹ n lẹ́ o? Màmá? Ẹ n lẹ́ o?"

Mo bi í pé kí ló fẹ́ kí wọ́n ṣe. "Kí wọ́n ṣáà sọ pé ó ti kú, mà. Ó ti sú mi láti máa fẹnu ara mi pa ìyá mi."

Ìríra gbáà ni! Ẹ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, ẹ ò mọ ọjọ́ tó kú? Ẹ̀rín rẹ̀ lẹ fi ń jí wa láràárọ̀, kò sẹ́ni tó bèèrè pé ẹlẹ́rìn-ín dà? Àdúrà ọ̀fẹ́ lẹ mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ló bẹ̀ ẹ́ wò rí nínú yín?

Ọmọ mi bẹ̀ mí pé kí n má kọ èyí, pé wọ́n á lé òun. Ẹ̀rù ń bà mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó, ohùn ọmọ tèmi náà sì ti wà lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀gá rédíò, ẹ jáde nípàdé. Ẹ má rán ọmọ mi. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ jókòó sídìí "Irú Òní", kẹ́ ẹ la ẹnu yín, kẹ́ ẹ sọ pé obìnrin náà ti kú, pé wọ́n wá sọ fún yín, pé ẹ ò dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí yẹn. Fóònù náà ṣì ń dún. Ẹ gbé e.