Ìyá Mi Tó Ń Kúnlẹ̀ Kí Mi

Yéè, ikú dóró o! Ìyá mi, ó wá dìgbà wo?

Èmi Yétúndé, àkọ́bí yín, ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá tó bí yín kú, kò pẹ́ tí ẹ fi bí mi, ẹ sì gbà tọkàntọkàn pé òun ló padà dé. Láti kékeré mi lẹ ti ń kúnlẹ̀ kí mi láràárọ̀: "Ẹ káàárọ̀, ìyá mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Èmi náà á ṣe bí àgbà, màá ní, "Dìde, ọmọ mi, o ṣeun." Ìgbà yẹn nìkan ni mo lè fi "o" bá yín sọ̀rọ̀ tí n kò ní jẹ àbàrá.

Ìyá elépo ìlú Yoko! Obìnrin tó ń gbọ́ ohùn epo nínú ìkòkò tó sì mọ̀ pé ó ti jinná! Ẹni tí kì í jẹun kí àlejò tó jẹ! Ẹnu yín mú, ẹ sì lawọ́. Bí mo bá pẹ́ délé, ẹ ó ní, "Ṣé ilẹ̀ Faransé lẹ gbà kọjá ni?"

Ọ̀fìnkìn tí àwọn ọmọ-ọmọ yín gbé ti ilé ìwé bọ̀ ló mú yín. Àwọn sín, wọ́n húkọ́, wọ́n sì tún ń sáré kiri àgbàlá. Ẹ̀yin dùbúlẹ̀ nílé mi ní Sakété. Nígbà tí ara yín tutù tí ikọ́ sì dínkù, a yọ̀, a ní àìsàn náà ti ń lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ gbìyànjú láti kúnlẹ̀ lórí ẹní, ẹ wò mí lójú, ẹ ní, "Ìyá mi, ṣé kí n máa lọ sódò?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Inú wa dùn pé eré yín ti padà. Mo ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Tètè dé o."

Kò sí odò kankan nítòsí ilé mi. A ò rò ó.

Nígbà tí èémí yín bẹ̀rẹ̀ sí í já lemọ́lemọ́, a gbé yín lọ sílé ìwòsàn ní Pobẹ̀. Dókítà bi wá bóyá ọ̀rọ̀ yín ti ń dàrú. Ẹnu gbogbo wa kò, a ní rárá o, orí wọn pé. Ó rọra ṣàlàyé pé ara àgbà lè má gbóná rárá nínú irú àìsàn yìí. Bí àgbà ṣe ń mí, àti bóyá ó ṣì mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀, wà lára ohun tí àwọn fi ń mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìgbà náà ni mo rántí odò. Mo sọ fún un. Ó ní ọ̀kan lára àmì náà nìyẹn. Mo bi í pé, "Dókítà, ṣé wọn á yè é?" Ó pe àwọn nọ́ọ̀sì. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí yín nímú. Ẹ ò pe ẹnì kankan mọ́ títí ẹ fi lọ.

Wọ́n ní kí n ṣara gírí, pé a ó tún yín bí, pé Yétúndé mìíràn ń bọ̀. N kò rí ìtùnú níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí kò ní mọ ohùn epo, kò sì ní bi mí bóyá ilẹ̀ Faransé ni mo gbà kọjá. Láràárọ̀ ni mò ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, n ò rẹ́ni kúnlẹ̀ kí mi.

Ọmọ mi, mo ní kí o tètè dé. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí o kọ ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu. Sùn re o.