Irin Ọfà Tí Ludger Yàn fún Béárì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ pé ìgbà ọdẹ béárì ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní etí odò wa, ẹ má wulẹ̀ wo kàlẹ́ńdà. Ẹ wo apá òsì Ludger Pelletier nígbà tó bá ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè láti gbé igbá ọrẹ kiri ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí irun bá wà lápá náà, ó ṣì kù díẹ̀. Bí apá náà bá ti ń dán bí ìdí ọmọ tuntun, a jẹ́ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n irin ọfà, irun ara rẹ̀ ló sì fi ń dán ẹnu wọn wò. Lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn gan-an ni fada wa máa ń wàásù nípa àánú sí ẹranko. Ludger á fetí sílẹ̀ dáadáa, á ní ìwàásù náà wọ òun lára, á sì lọ sílé lọ pọ́n òmíràn.

Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ilé ìlagi ló ti ṣiṣẹ́ títí irun orí rẹ̀ fi bá ìyẹ̀fun igi lọ. Ó gbin pòtétò díẹ̀ sẹ́yìnkùlé, nítorí pé ẹni tí kò bá gbin pòtétò níhìn-ín, àwọn aládùúgbò á rò pé ara rẹ̀ ni kò yá. Ó ti pa ìbọn tì láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó ní ariwo ìbọn ti pọ̀ jù. Ọrun igi ló ń lò, èyí tí kò ní kẹ̀kẹ́ kankan létí, tí kò sì ní awò ìfojúsùn. Ọwọ́ á fà á, ojú á rán an, ìyókù dọwọ́ Ọlọ́run àti irin tó wà lórí ọfà.

Irin yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wa.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Ludger ta béárì kan lọ́fà, béárì náà sá wọgbó, a kò sì rí i mọ́ títí dòní. Béárì kì í ṣe àgbọ̀nrín. Irun rẹ̀ nípọn, ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ rẹ̀ tún nípọn jù ú lọ. Bí ọfà bá wọlé tí kò jáde ní òdì kejì, ọ̀rá á dí ojú ihò náà pa bí ìdérí ìgò, irun á fa ẹ̀jẹ̀ mu, kò sì ní í kán sórí ewé tí èèyàn lè tọ̀. Ọfà Ludger wọlé, kò jáde. Gbogbo ìjọ ló bá a wá béárì náà, títí kan àwọn tí wọn kì í kí i. Nígbà tí a kò rí i, wọ́n ṣe fún un bí àṣà wa: ẹnikẹ́ni kò dárúkọ béárì níwájú rẹ̀, àwọn obìnrin sì ń gbé páì wá sílé rẹ̀ bí ẹni pé ikú ló ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ludger jẹ páì náà. Ṣùgbọ́n a rí i pé kò gbádùn rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Èjìká ọ̀tún ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, ló bá pa ọrun líle tó ń lò tẹ́lẹ̀ tì, ó mú èyí tó rọ̀. Ó pààrọ̀ ọrun, kò pààrọ̀ irin. Irin olójú mẹ́ta, tó fẹ̀ bí ewé, ló tún so mọ́ ọn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn tú akọ màlúù sílẹ̀, tó wá so ẹrù akọ màlúù náà mọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó gun ẹ̀gùn rẹ̀, àga tí ọdẹ ń so mọ́ orí igi, ó sì da dónọ́ọ̀tì àná sísàlẹ̀ fún ìdẹ bí a ti máa ń ṣe. Béárì wá. Béárì jẹun, ó lá ẹnu, ó lọ. Ludger gbé ọfà lé ọrun, kò fà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ìgbà ọdẹ fi parí. Rosaline, ìyàwó rẹ̀, ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá ọdẹ ló ń ṣe ni àbí ó ti ṣí ilé oúnjẹ.

Lọ́dún yìí wá ni ọkùnrin náà jókòó sídìí ployes rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àkàrà pẹlẹbẹ tí a fi ń jẹ ohun gbogbo, ó sì sọ fún Rosaline pé òun fẹ́ dán irin wò. Bí òun bá rí èyí tí ọrun rírọ̀ yìí lè gbé la nǹkan tó jọ béárì já, òun á lọ. Bí òun kò bá rí i, òun á gbé ọrun kọ́ títí ayé. Ó ní òun kò tún ní í rán ẹranko lọ kú sínú igbó níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í mọ̀.

Ẹ̀rù ba Rosaline. Ó ti rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń rí bí kò bá ríṣẹ́ ṣe: ní ìgbà òtútù kan, ó fi òòlù tún gbogbo ẹsẹ̀ àga inú ilé ṣe, títí tí gbogbo wọn fi ń mì. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kọ́. Ó mọ̀ pé ọrun yẹn ló ń jí bàbá náà lówùúrọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ni Clovis Cyr, àbúrò Rosaline, tó máa ń ní ìmọ̀ràn lórí ohun gbogbo tí kò tíì ṣe rí. Ó ní kí Ludger ra irin ìgbàlódé, èyí tó ń pa ojú dé nínú apó tó sì ń ṣí nínú ara ẹran bí agbòòrùn. Ludger bi í pé agbára tí yóò ṣí agbòòrùn náà, níbo ni yóò ti wá? Clovis ní inú ọrun ni. Ludger fi ọwọ́ pa èjìká rẹ̀, ó ní òun mọ ibi tí ọrun ti ń rí tirẹ̀.

Ó ku ohun tí yóò jọ béárì. Ludger gba ìhà ẹlẹ́dẹ̀ kan lọ́wọ́ alápatà, pẹ̀lú egungun àti ọ̀rá rẹ̀. Ṣùgbọ́n irun ńkọ́? Irun béárì máa ń jẹ́ kí irin kújú kó tó kan awọ rárá. Ibi tó ti ń ronú lórí èyí ni Rosaline ti wọ yàrá lọ, tó sì gbé ẹ̀wù onírun jáde, èyí tí ìyá rẹ̀ olóògbé máa ń wọ̀ lọ sí Máàsì Kérésìmesì.

Clovis dìde. "Ẹ̀wù Màmá lẹ fẹ́ ta lọ́fà?"

"Màmá ò sí nínú rẹ̀," ni Rosaline wí.

"Rosaline, ẹ̀wù tó wọ̀ lọ sí ìgbéyàwó rẹ nìyẹn."

"Mo mọ̀. Gbogbo ọjọ́ yẹn ló fi wo Ludger bí ẹni pé ó jí nǹkan. Jẹ́ kó ṣe é lóore díẹ̀ báyìí."

Wọ́n fi ẹ̀wù náà wé ìhà ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n so ó rọ̀ sẹ́yìn ilé. Àwọn tó ń kọjá lójú títì rọra rìn. Ludger kọ́kọ́ ta irin olójú mẹ́ta. Ó wọlé, ó dúró sínú ẹran bí àlejò tó ti rí àga. Kò yà á lẹ́nu. Ó mú irin olójú méjì, tóóró, gígùn, tó ti fi fáìlì àti òkúta pọ́n títí apá rẹ̀ fi pá. Ó fà á, ó tú u sílẹ̀. Òun náà dúró. Nígbà tó fà á yọ, imú irin náà ti ká lára egungun bí ìka tí a ká kò.

Clovis, ẹni tí mo ti ń bú láti òkè, kò dárúkọ agbòòrùn rẹ̀ mọ́. Mo kà á sí i lóore.

Ludger tú okùn ọrun. Ó wọlé, ó gbé e kọ́ sókè ilẹ̀kùn, ó sì jókòó ti tábìlì láìbọ́ bàtà. Rosaline lọ kó ọfà wọlé. Ó yí irin tó ká náà sọ́tùn-ún sósì lójú fèrèsé, ó sì dúró. Láti ìdí irin náà dé etí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti di búlúù bí aṣọ aró.

"Bàbá arúgbó," ló wí, "báwo lo ṣe ń lẹ irin yìí mọ́ igi ọfà?"

Ludger ní bí òun ṣe máa ń ṣe é náà ni: òun á fi iná yọ́ gọ́ọ̀mù líle, òun á kì í bọ ihò irin, òun á ki orí igi bọ̀ ọ́.

"Iná wo?"

"Iná gáàsì rẹ. Ṣebí ìwọ lo lé mi kúrò nídìí àbẹ́là. O ní èéfín ń ba kọ́tìnnì rẹ jẹ́."

"Gbogbo irin náà lo sì ń tì bọnú iná?"

Ludger gba irin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó. Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń pọ́n ayùn mọ̀ pé irin tó bá gbóná títí tó di búlúù ti pàdánù agídí rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ lè mú kó fá irun apá, kò ní í lè ko egungun lójú. Ó mọ̀ ọ́n. Nínú ilé ìdáná ìyàwó rẹ̀ nìkan ló ti gbàgbé.

Rosaline náà ń ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ìgbà wo ló lé e kúrò nídìí àbẹ́là? Ọdún tí béárì yẹn sọnù ni. Ó jókòó.

"Ṣé kọ́tìnnì mi ló fà á?"

"Irin olójú mẹ́ta ni mo fi ta béárì yẹn," ni Ludger wí. "Ó fẹ̀ ju agbára apá mi lọ. Kò sí ohun tó kan kọ́tìnnì nínú rẹ̀." Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, kò sí ẹni tó lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Rosaline ló mú pòtétò wá. Wọ́n gún ẹnu irin tuntun bọnú rẹ̀ títí dé ìdí, tó fi jẹ́ pé ihò tí igi ń wọ̀ nìkan ló yọ síta, ìyẹn nìkan ni wọ́n sì tì sójú iná. Gọ́ọ̀mù yọ́, pòtétò hó díẹ̀, ẹnu irin wà ní tútù láàárín rẹ̀. Wọ́n lẹ mélòó kan bẹ́ẹ̀, ilé sì ń rùn bí ilé oúnjẹ. Ludger gbé ọrun sọ̀kalẹ̀, ó so okùn rẹ̀ padà. Ọfà àkọ́kọ́ la ẹ̀wù já, ó la ẹran àti egungun já, ó tún la ẹ̀yìn ẹ̀wù já, ó sì lọ kàn mọ́ ilẹ̀kùn ilé igi ìdáná. Clovis ní ìyá òun ì bá ti bínú. Rosaline ní rárá o, ìyá àwọn fẹ́ràn iṣẹ́ tó bá parí dáadáa.

Ludger lọ sórí ẹ̀gùn. Béárì kan dé kí oòrùn tó rẹlẹ̀, akọ ńlá, ó jókòó ti dónọ́ọ̀tì bí ẹni tó sanwó. Ìhà rẹ̀ kò kọjú sí Ludger, Ludger sì dúró. Béárì dìde, ó yípadà, ó na ẹsẹ̀ iwájú síwájú láti fa ìdẹ mọ́ra, ibi tó yẹ sì ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn èjìká. Ludger fà á. Ohun tó gbọ́ ni ọfà tó kan ilẹ̀ lódì kejì. Béárì sáré wọ àárín igi kéékèèké, ariwo ewé díẹ̀, lẹ́yìn náà kò sí nǹkan kan mọ́.

Kò sọ̀kalẹ̀. Ó fi fóònù pe Rosaline.

"Ọfà jáde," ló wí.

Rosaline bi í pé, "Béárì fúnra rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ń wò ó níbi tí mo jókòó sí. Kò jìnnà."

"Má tíì sọ̀kalẹ̀," ni Rosaline wí. "Mò ń rán Clovis bọ̀. Àtẹ̀gùn yẹn kì í ṣe ti ọmọdé, ìwọ náà kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́."

Clovis dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, okùn, àti oúnjẹ tó lè gbé èèyàn di ọjọ́ kejì, nítorí ó ti múra láti tọ ẹ̀jẹ̀ káàkiri igbó, kó sì máa ròyìn rẹ̀ títí di Kérésìmesì. Ẹ̀jẹ̀ wà lórí ewé lóòótọ́, ní ìhà méjèèjì ojú ọ̀nà, béárì sì wà níbi tí ọ̀nà náà parí sí, níwọ̀n ibi tí èèyàn lè ju àkàrà dé. Ludger kúnlẹ̀ tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Clovis ṣí fìlà.

Nígbà tó yá, Clovis wúkọ́. Ó ní ibi tó dára láti parí sí nìyí. Ẹlòmíràn á gbé ọrun kọ́ báyìí, á sì máa fi ògo rẹ̀ yangàn.

"Bí mo bá gbé e kọ́," ni Ludger wí, "ta ni ìwọ yóò máa gbà nímọ̀ràn?"

Ni oníkálukú bá di ẹsẹ̀ béárì kan mú. Clovis ní kí àwọn gba apá ọ̀tún. Ludger ní apá òsì ló tẹ́jú. Wọn ò tíì fi orí ọ̀rọ̀ náà tì síbì kan nígbà tí wọ́n dé ojú títì.