Ọtí Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó Ilé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ní láti gun àpótí kí n tó rí inú ìkòkò ìyá àgbà mi, ilé wa ní Ibido ni wọ́n ti ń ṣe wáìnì tí ìjọ wa fi ń jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Èso àjàrà kọ́ o. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó oko wa ni.

Wáìnì tó ń ti òkè òkun wá ló dáwọ́ dúró, tí àlùfáà fi béèrè ẹni tó lè ṣe é. Ìyá àgbà mi, tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ọtí kò ní kan ẹnu òun mọ́ àfi ti orí tábìlì Olúwa, ló dìde. A máa ń gún ọ̀pẹ̀ òyìnbó, a ó sẹ́ ẹ, a ó bu ṣúgà sí i, a ó sì fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu díẹ̀ sí i kí ó lè máa hó. Ìyá fúnra rẹ̀ ló ń lọ tọrọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà lọ́dọ̀ adẹ́mu.

"Ìyá ìjọ, ẹ tún ti dé! Ṣé kí n bu ti ẹnu mọ́ ọn ni?"

"Bu èyí tí mo ní kí o bu, kí o sì yọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi!"

Inú ṣàgo, igò ńlá oníkùn gbẹ̀ǹdẹ̀, ni a ń dà á sí, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ la sì fi ń bo ẹnu rẹ̀. Nítorí pé Ìyá kò lè tọ́ ọ wò, etí ló fi ń mọ̀ ọ́n. Bí kò bá hó mọ́, ó ti tó.

Alàgbà ìjọ kan ládùúgbò wa kò fara mọ́ ọn. Òun náà ló máa ń kìlọ̀ pé Kristẹni kò gbọdọ̀ ní ọtí kankan nílé. Á ní, "Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kọ́ ni Jésù gbé fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn." Ìyá á ní, "Alàgbà, ẹ fi igi àjàrà kan hàn mí ní Ibido, kí n lọ ká a." Níkẹyìn alàgbà náà mú kí ìjọ gbà pé ọjọ́ tí wáìnì Ìyá bá já wọn kulẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ọdún kan, Ìyá lọ wẹ ọmọ tuntun ní Ìkẹ́nnẹ́, ó ní kí n máa ṣọ́ ṣàgo. Mo rí kòkòrò wẹ́wẹ́ lórí aṣọ náà, mo sì rò pé wọ́n fẹ́ ba ohun mímọ́ jẹ́. Mo ki ṣùkù àgbàdo bọ ẹnu ṣàgo, mo yọ́ àbẹ́là lé e, mo fi okùn dè é pinpin. Ọtí tó ń hó kò wá rí ibi mí. Ní ọ̀sán Sátidé, gbàù! Nígbà tí mo sáré wọlé, ògiri ń kán tótó, àfọ́kù igò sì kún ilẹ̀.

Ìyá dé nírọ̀lẹ́. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. "Ṣé kò gé ọ?" Ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ Àjíǹde, ó kúnlẹ̀ níwájú àlùfáà àti àwọn alàgbà. "Kò sí wáìnì. Ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́." Kò dárúkọ mi. Bí alàgbà yẹn ṣe lanu, igbe ta lẹ́nu mi: "Èmi ni, Bàbá! Èmi ni mo dí i! Ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Ìyá mi!"

Alàgbà náà wò mí títí, ó dìde, ó jáde. Nígbà tó padà, igò wáìnì òkè òkun kan ló yọ lábẹ́ agbádá. Ó ti mu ún dé ààbọ̀.

"Nítorí inú rírun ni o," ó ní, "bí Pọ́ọ̀lù ti wí fún Tímótì."

Àlùfáà fi ìwé bojú. Alàgbà kejì ní, "Ṣé inú ọ̀hún ti wá san báyìí?" Ẹ̀rín bú jáde, Bàbá onígò náà sì rẹ́rìn-ín. Igò yẹn la fi jẹ Oúnjẹ Olúwa. Lẹ́yìn ìsìn alàgbà náà sọ fún Ìyá pé, "Ẹni tó bà á jẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́ níṣẹ́. Kò tún ní dí i láéláé."

Bí iṣẹ́ náà ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn, tó sì ti ọwọ́ mi dé ọwọ́ àwọn ọmọ mi. Lónìí, irin dídán ni àgbá wa ní Ṣàgámù, inú ọ̀pá rọ́bà ni atẹ́gùn ń gbà jáde, àwọn ọmọ sì ń fi fóònù ta wáìnì fún ẹni tí wọn kò rí rí. Ìjọ pàápàá ti ń ra tiwọn ní ṣọ́ọ̀bù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, àgbàlagbà lè tú àṣírí ara rẹ̀ kí ó lè fi bo ọmọ ọlọ́mọ. Mi ò rí i púpọ̀ mọ́.

Gbogbo Àjíǹde ni mo ń gbé igò kan lọ sí ilé alàgbà náà. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká sanwó ẹ̀."

Mo ní, "Gbé e wọlé jàre. Bàbá yín àgbà ti san án kí wọ́n tó bí ẹ."