Òkúta Ẹ̀yìn Ọjà Bódìjà

Irin ló sọ yangí di pupa. Irin náà ló sọ ilẹ̀ pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì di pupa. Nígbà tí ẹsẹ̀ wa ò ti lè dé ọ̀hún, yangí tiwa là ń yẹ̀ wò ká lè mọ ìtàn tòun. Orí ìyẹn ni mo fi ìwé ìwádìí tí mo fẹ́ fi gboyè ní yunifásítì lé. Òkúta orí òkè kan ṣoṣo ni mo fẹ́, lọ́nà Òkè-Ògùn, níbi tí ọwọ́ ọmọ aráyé kò tíì bà á jẹ́.

Oyún oṣù méje wà nínú mi nígbà náà, dókítà sì ní n ò gbọdọ̀ gun òkè. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ gbé yàrá kan ní Agbowó fún ọdún mẹ́ta kí n tó lọ́kọ ló ní, "Jókòó jẹ́ẹ́ jàre, ìyá ìkókó. Èmi á lọ." Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé àpò òkúta dé ilé wa, tí erùpẹ̀ pupa bò ó dé ìpéǹpéjú. Èmi aboyún ni mo ń gbé omi kaná fún un kó fi wẹ̀. Mo máa ń gbàdúrà fún un títí ojú á fi tì í.

Nǹkan funfun bí eérú lẹ̀ mọ́ àwọn òkúta náà. Mo ní omi àtijọ́ ló fi í sílẹ̀, pé bóyá irú omi bẹ́ẹ̀ ti ṣàn rí ní Máàsì. Omi ni mo ń wá, omi ni mo sì rí. Odidi orí kan ni mo kọ lé e lórí.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí n gbèjà ìwé náà níwájú àwọn olùkọ́, mo pọn ọmọ lọ ra ẹ̀wà ní Bódìjà. Òjò ti rọ̀. Kí n má bàa tẹ ẹrẹ̀, mo gun òkìtì yangí kan lẹ́yìn ọjà, tí àwọn tó ń ṣe gọ́tà kó jọ. Nǹkan funfun mi wà lára rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ni.

Mo mú ọ̀kan lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní Agbowó, mo ní ṣé ibẹ̀ ló ti ń kó wọn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Torí òkúta lo ṣe sáré wá báyìí? Pupa ṣáà ni gbogbo wọn. Ta ló máa dé Máàsì lọ wò ó?"

"Erùpẹ̀ ojú rẹ ńkọ́?"

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo fi pa ara ni."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo jẹ́wọ́ fún olùkọ́ tó ń bójú tó ìwé mi lọ́jọ́ kejì, ìwé sì di àtúnkọ, ọdún kan gbáko. Mo ti gun òkè náà fúnra mi báyìí, òkúta gidi sì ti wà nílé. Ọjọ́ tí mo gbé e dé, erùpẹ̀ bò mí dé ìpéǹpéjú. Mo gbé omi kaná fún ara mi. Ìdí sítóòfù yẹn ni mo ti sunkún.