Ìpìlẹ̀ Tí Táyéwò Dà ní Ìgándò

Bí o bá béèrè Táyéwò Bíríkìlà ní Ìgándò, wọn kò ní fi ilé rẹ̀ hàn ọ́. Ilé àwọn ẹlòmíràn ni wọn yóò máa nawọ́ sí. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ku ọdún méjì kí ó pé ọgọ́ta, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò sì fẹ́ ká dáadáa mọ́. Síbẹ̀, bí òjò ńlá bá ti dá, yóò wọ bàtà rọ́bà, yóò máa yí àdúgbò ká, yóò máa wo ìdí àwọn ilé tí ó ti bá wọn ṣe bí ìyá ṣe ń wo ẹsẹ̀ ọmọ tó ti ibi eré dé.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń sọ fún ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba fírídọ́ọ̀mù: “Ògiri ni gbogbo ayé ń wò. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mọ́ ni kí o ti ṣe é dáadáa jù.” Táyéwò mú ọ̀rọ̀ náà dání wá sí Èkó. Ilé Alhaja Mọ̀dínátù ni ilé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ ní Ìgándò, ọdún kejìlélógún rèé.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, Alhaja ránṣẹ́ pè é. Nígbà tí ó dé ẹ̀yìnkùlé, Aasiyah, ọmọ Alhaja, ti dúró síbẹ̀, ó pọn Jibril, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì, sẹ́yìn. Igun ilé ti là láti ilẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé, ìka ọwọ́ lè wọ ibẹ̀.

“Ẹ wò ó fúnra yín, Bàbá,” ni Aasiyah wí. “Alángbá ti ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹnjiníà tí mo mú wá sọ pé ìpìlẹ̀ ni kò dáa, pé ẹ dín sìmẹ́ńtì kù.”

“Aasiyah! Ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ nìyẹn? Ẹ̀kọ́ ilé dà?” ni Alhaja kígbe láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

“Màámi, ilé gan-an ló fẹ́ wó yìí, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ná.”

Kò sí èébú tó lè dun bíríkìlà tó kí wọ́n ní ó jẹ sìmẹ́ńtì onílé. Táyéwò wo ibi tó là náà láti òkè délẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi kọ́ ara fèrèsé.

“Ẹ bá mi wá ṣọ́bìrì. Màá gbẹ́ ẹ dé ìsàlẹ̀. Bí mo bá rí i pé èmi ni mo jẹ̀bi, màá tún un ṣe, lẹ́yìn náà màá gbé irinṣẹ́ mi sílẹ̀ pátápátá.”

Ó gbẹ́ ẹ títí kòtò fi mù ún dé ìbàdí. Nígbà tí kọnkéré ìpìlẹ̀ hàn, ó fi òòlù kàn án, ó dún gooro. Ó na òòlù sókè sí Aasiyah.

“Sọ ọmọ kalẹ̀, kí o wá gbá a fúnra rẹ. Gbá a tagbáratagbára.”

Aasiyah gbá a. Òòlù ta padà, apá rẹ̀ gbọ̀n, kọnkéré kò sì fọ́.

“Ṣé bí èyí tí wọ́n jẹ sìmẹ́ńtì rẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣùgbọ́n ògiri ṣáà là.”

Òótọ́ ni. Táyéwò kúnlẹ̀ tìrora-tìrora, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ kọnkéré náà. Ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ìgúnpá. Erùpẹ̀ tó yẹ kí ó gbé ìpìlẹ̀ dúró ti ṣàn lọ, ibẹ̀ sì tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò tíì rọ̀ láti ọjọ́ yìí. Ó tọ ipa omi náà lọ. Páìpù ilé ìwẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ dé gọ́tà ojú títì, ẹnìkan ti gé e kúrú. Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tó sanra dáadáa ni omi ń dà sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò sì jìnnà sí ògiri ju ìṣísẹ̀ méjì lọ.

“Alhaja, ta ló gé páìpù yìí?”

Alhaja wolẹ̀. “Èmi ni o, Táyé.”

Ó ṣàlàyé. Nígbà tí ìwọ́ Jibril já, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni òun rì í mọ́, bí ìyá òun ṣe máa ń ṣe n’Íbàdàn. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ewé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ. “Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìwọ́ ọmọ wà nídìí ẹ̀, ṣé kí n máa wò ó kó kú ni? Mo ní kí omi ìwẹ̀ máa rin ín.”

Aasiyah tún gbé Jibril pọ̀n.

“Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kúrò níbí,” ni Táyéwò wí.

“Kò ní kúrò. Kí ilé wó, ọmọ ló ṣe pàtàkì.”

Táyéwò gbára lé ṣọ́bìrì, ó wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà pẹ́. Ọmọ mẹ́ta ti yọ nídìí rẹ̀.

“Alhaja, ọ̀gẹ̀dẹ̀ fúnra ẹ̀ kì í bá ọmọ ẹ̀ du ilẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó dàgbà jù, tòun ti erùpẹ̀ ìdí ìyá ẹ̀, ká gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì lọ́hùn-ún. Ibi tí erùpẹ̀ yẹn bá lọ, ìwọ́ Jibril ló lọ yẹn.”

Alhaja ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. “Kí ẹnikẹ́ni má fi ṣọ́bìrì kàn án o. Èmi ni màá fọwọ́ kó o.” Bàsíà mẹ́rin ni ó kó, ó ru ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fúnra rẹ̀, kí wọ́n tó hú ìyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà.

Iṣẹ́ náà gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí pé Táyéwò kò gbà kí wọ́n gbẹ́ abẹ́ ìpìlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. “Bí o bá ṣí gbogbo ẹ̀, ilé á jókòó lé ọ lórí.” Ó ń gbẹ́ ibi kékeré, ó ń ki kọnkéré sí i pinpin, ó ń dúró kí ó le, kí ó tó mú ibòmíràn. Lẹ́yìn èyí ó da omi ìwẹ̀ padà sí gọ́tà, ó sì da kọnkéré yí ẹsẹ̀ ògiri ká, ó jẹ́ kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sápá òde, kí omi òrùlé má bàa rí ibi dúró sí. Ní ìkẹyìn, ó mú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó gbà lọ́wọ́ onígíláàsì ní Ìkòtún, ó fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó là, ó kọ ọjọ́ sí i.

“Bí ilé yìí bá tún mì, bó ti wù kó kéré tó, gíláàsì yìí á fọ́. Nígbà náà ẹ lè pe ẹnjiníà yín padà.”

Òjò oṣù kẹrin rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Nígbà tí ó dá, Táyéwò wọ bàtà rọ́bà rẹ̀. Ilé Alhaja ni ó kọ́kọ́ yà. Ó bá Aasiyah tó lóṣòó níwájú ògiri.

“Kò fọ́, Ọ̀gá,” ni Aasiyah wí, kó tó kí i pàápàá. “Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó nínú òjò.”

Táyéwò fi àtàǹpàkò ra gíláàsì náà láti òkè délẹ̀. Odidi ni. Ẹsẹ̀ ògiri gbẹ, omi ń sá lọ sí gọ́tà, ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì sì ti ń tú ewé tuntun. Táyéwò nà ró, bí ẹni pé orúnkún kò dùn ún rí.

“Ẹnìkan fẹ́ kọ́lé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò,” ni Aasiyah wí. “Ó béèrè bíríkìlà lọ́wọ́ mi, mo ní kó kọ́kọ́ wá wo tiwa.”

“Wo kí ni? Ògiri yín tó ní àpá yìí?”

“Mo ti sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ wo ògiri.”