Ọjọ́ Tí Láìnì Ọkọ Mi Kò Lọ Mọ́

Ìyá ọkọ mi kì í fi ìpè fóònù ṣeré. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á jókòó sórí àpò àlùbọ́sà ní ìsọ̀ wọn ní Mile 12, wọ́n á nu ìka mọ́ ìró, wọ́n á sì pe ọkọ mi. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Ṣé ó ti jẹun? Ṣé ara le? Wọ́n á ṣàdúrà fún un, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé ìpè tí wọ́n rò pé ó ń lọ sí Abúja, Ìlú Ọba ló ń balẹ̀ sí. Ọkọ mi ti rí iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó lọ́hùn-ún, ó ti gba físà, ó ti wọ bàálù. Fún Màmá, a ní ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e lọ sí Abúja. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àkọ́bí wọn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ wá òkè òkun kí n tó wọ ìdílé yìí, kò sì padà. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru kiri, tí oògùn wọn ò sì kúrò lórí fìríìjì mi. Wọ́n ti sọ ọ́ sí èmi gan-an létí pé ọmọ àwọn kankan ò tún gbọdọ̀ rìn kọjá ilẹ̀ yìí. Ọkọ mi ní òun á sọ fún wọn fúnra òun tí ẹsẹ̀ òun bá ti rinlẹ̀. Mo gbà. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa fi ẹnu ara rẹ̀ dá àgbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru wó?

Láìnì Nàìjíríà ọkọ mi ló gbé irọ́ náà ró. Kó tó lọ, a jọ lọ sí ọ́fíìsì àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ní Kétu, a tò títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá, a sì béèrè ohun tí a lè ṣe kí nọ́ńbà náà má bàa kú sókè òkun. Wọ́n ní àwọn á ṣí i kó lè máa ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n bó pè, bí wọ́n pè é, káàdì rẹ̀ ni yóò máa jẹ. Ni a bá fẹnu kò pé ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ni yóò máa tan láìnì náà. Èmi ni mò ń ra káàdì sí i láti ìhín. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ báyìí ni Màmá sọ fún mi pé fóònù Abúja yìí ń dún lọ́tọ̀, pé ó ń dún ní méjì-méjì. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìjọba nìyẹn. Wọ́n mi orí. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ní ohùn ọmọ àwọn ń gbọ̀n, ọkọ mi sì dáhùn pé ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì àwọn ló le. Òtútù tó ń mú un nínú yàrá rẹ̀, tó wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà! Ẹ̀rín kọ́kọ́ ń pa wá lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà gbẹ. Bí ọjọ́bọ̀ bá ti ń lọ ni mo ti máa ń ronú irọ́ tí a máa pa lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà tó wá ṣe, àwọn oní-nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan lọ́hùn-ún ta fóònù tuntun fún un, èyí tí yóò máa san díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú láìnì tiwọn nínú. Fóònù náà kì í gba síìmù ẹlòmíràn. Síìmù Nàìjíríà wá kù sínú fóònù àtijọ́, fóònù àtijọ́ sì jábọ́ sínú omi ìfọṣọ, ó dákẹ́. Ọkọ mi ní kí n má mikàn, òun á ra kékeré kan tí òun á fi síìmù náà sí kó tó di Jímọ̀. Mo rán an létí. Ó ní òun ti gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ, ẹ mọ ìtumọ̀ "mo ti gbọ́".

Jímọ̀ náà dé. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìkòsì nígbà tí fóònù mi dún. Màmá ni.

"Ìyàwó mi, line ọkọ ẹ ò lọ."

Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Wọ́n ní àwọn ti pè é títí, àwọn ti gba fóònù ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn pe nọ́ńbà náà, ẹni náà sì túmọ̀ òyìnbó tí fóònù ń sọ fún àwọn, pé nọ́ńbà náà ò sí ní títàn. Mo ní bóyá ó wà nínú ìpàdé. Mo ń gbọ́ ariwo ọjà lẹ́yìn wọn, àwọn alábàárù tó ń kígbe ẹ yà lọ́nà. Wọ́n pa fóònù láì ṣàdúrà fún mi, ohun tí wọn kì í ṣe.

Mo pe ọkọ mi lórí wọ́tísáàpù, ó ń dún, kò gbé e. Mo pe láìnì tuntun náà fúnra rẹ̀, ohùn obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ jáde, ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ alẹ́ ló ṣe, pé oorun ni yóò máa sùn. Mo sọ ọ́ fún ara mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé. Ọ̀kan ń bà mí nítorí Màmá, èkejì dìde lẹ́yìn rẹ̀ nítorí ọkọ mi alára: kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́, wọ́n sì ní yìnyín máa ń bo ojú ọ̀nà wọn. Mo rán apá aṣọ oníbàárà mọ́ ọrùn. Mo tú u, mo tún rán an síbẹ̀. Ni mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba ilé lọ.

Màmá ti dé ilé ṣáájú mi. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú báàgì, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan sì ń dúró dè wọ́n. Wọ́n ti fi àlùbọ́sà sílẹ̀ fún ará ìsọ̀ kejì láàárín ọjà, Màmá tí ibà gan-an kì í lé kúrò ní ìsọ̀. Wọ́n ní Òjọ́ta ni àwọn ń lọ, pé àwọn á wọ ọkọ̀ Abúja níbẹ̀. Mo ní ilẹ̀ á ṣú bá wọn lójú ọ̀nà, pé àwọn ajínigbé ń bẹ níwájú Lọ́kọ́ja. Wọ́n ní kí wọ́n jí àwọn gbé, ọmọ àwọn ni àwọn ń wá lọ. Mo kúnlẹ̀. Mo di báàgì mú. Ìyá onílé wa gbọ́ ohùn wa, ó jáde síta, òun náà ń bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n Màmá ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú kẹ̀kẹ́. Mo wá rí i kedere pé bí mo bá dákẹ́, obìnrin yìí yóò gba inú igbó lọ wá ẹni tí kò sí níbẹ̀, irọ́ wa ni yóò sì pa wọ́n.

"Mà, Abúja kọ́ ló wà," ni mo wí. "Ìlú Ọba ló wà. Ó ti change line ni. Ìyẹn ló jẹ́ kí nọ́ńbà tí ẹ ní má lọ."

Mo ti múra fún èébú. Mo ti múra fún ìgbátí pàápàá. Màmá gbé ẹsẹ̀ kalẹ̀ kúrò nínú kẹ̀kẹ́ náà, wọ́n rọra jókòó sórí pèpéle ẹnu ọ̀nà, wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi í lé itan. Ohùn wọn ò lọ sókè rárá.

"Ọjọ́ wo ló kú?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Wọn ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí òtítọ́ bá lé e bá tán tí ẹnikẹ́ni ò sì dá a mọ̀. Ta ni kò mọ àṣà wa? A kì í sọ fún ìyá arúgbó pé ọmọ rẹ̀ kú. A máa ń ní ó rìnrìn-àjò ni. A máa ń ní ó wà lókè òkun, iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráàyè, láìnì rẹ̀ ti yí padà. Èmi náà ti bá wọn sọ ọ́ rí fún ìyá bàbá mi ní Ìjẹ̀bú, tí ìyá náà fi lọ sọ́run, tó ṣì ń kí ọmọ tó ti wà nínú ilẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń bo òkú mọ́lẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi, mi ò sì rò ó títí mo fi sọ ọ́ tán.

Orí pèpéle yẹn ni Màmá ti sọ ohun tí ọkọ mi kò sọ fún mi rí. Nígbà tí láìnì àkọ́bí wọn ò lọ mọ́, àwọn ẹbí wá, wọ́n jókòó dáadáa, wọ́n ní ó ti gúnlẹ̀, ó ti pa láìnì dà, àwọn á mú tuntun wá. Màmá gbà wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò yé pe ti àtijọ́ láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ sọ́jà, títí fóònù náà fi dún lọ́jọ́ kan, tí ọkùnrin kan gbé e, tó ń sọ Haúsá. Màmá gbọ́ Haúsá, ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà wọn tó ń kó àlùbọ́sà wá ni wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n bi í léèrè ibi tó ti rí fóònù ọmọ àwọn. Ọkùnrin náà ò bínú. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ni òun ti ra síìmù náà, pé bí ẹnikẹ́ni ò bá lo nọ́ńbà kan fún ìgbà pípẹ́, wọ́n máa ń tún un tà ni, pé kí Màmá ṣe sùúrù.

"Àjèjì yẹn ló túfọ̀ ọmọ mi fún mi," ni Màmá wí. "Ìwọ tún wá ní ó ti change line."

Mo búra. Bí mo ṣe ń búra ni mò ń dà bí àwọn tó máa ń búra bo òkú mọ́lẹ̀. Mo fi fọ́tò hàn wọ́n, ọkọ mi níwájú ilé oníbíríkì pupa. Wọ́n ní òkú pàápàá ní fọ́tò. Mo fi ohùn rẹ̀ tó fi ránṣẹ́ lórí wọ́tísáàpù sí wọn létí. Wọ́n gbọ́ ọ parí, wọ́n béèrè ọjọ́ tó sọ ọ́. Mo ní ọjọ́ Ajé.

"Òní ńkọ́?"

Ìyá onílé ti wo ojú mi, ó ti wo ilẹ̀, ó ti ní kí kẹ̀kẹ́ máa lọ. Ó so ìró rẹ̀ le, ó jókòó ti Màmá, ó ń ra wọ́n lẹ́yìn. Àwọn ará ilé ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan láìsọ̀rọ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń jáde sírú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan gbé omi wá fún mi, ó ní kí n mọ́kàn le, kí n rántí pé ọmọdé ni mí. Mo ń pe ọkọ mi. Obìnrin òyìnbó ń dáhùn. Èmi tí mo mọ òtítọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n gbọ́. Bóyá èmi náà ni wọ́n ń purọ́ fún. Bóyá gbogbo yín ti mọ̀ ṣáájú mi, ni mò ń rò bí mo ṣe ń wo ojú wọn.

Oòrùn ti ń wọ̀, wọ́n ti ń pe ìrun, nígbà tí fóònù mi dún. Ọkọ mi ni, ó fi ìpè fídíò pè mí. Mo rí i lójú fóònù, búláńkẹ́ẹ̀tì lórí èjìká, irun orí rẹ̀ tẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń béèrè kí ló dé tí mo pè tó bẹ́ẹ̀. Mo gbé fóònù náà fún Màmá.

Màmá ò kí i. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, ó sì wà lọ́kàn gbogbo wa níbẹ̀: ìlú jíjìn tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n ni àkúdàáyà máa ń lọ gbé, ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń ṣiṣẹ́.

"Dìde," ni wọ́n wí.

Ó dìde.

"Gbé fóònù náà wálẹ̀. Jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ ẹ. Máa rìn."

Ó rìn láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó padà, ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan ti lu. Yàrá náà kéré, kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ. Wọ́n ní kó tún lọ. Ó tún lọ. Kò béèrè ìdí, mo rò pé ó ti yé e. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Ìyá onílé ló kọ́kọ́ sọ pé Alihamudulilahi, ìgbà yẹn ni Màmá sunkún. Ọkọ mi náà sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun fẹ́ sọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Màmá ní kó lọ jẹun.

Lẹ́yìn tí àwọn èèyàn tú ká, mo fún wọn ní oògùn wọn. Mo dúró de ìbáwí. Wọ́n fọwọ́ gbá pèpéle pé kí n jókòó.

"Ìyàwó mi, mi ò bínú sí yín," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n tó bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ṣẹlẹ̀, má sọ fún mi pé ó wà lókè òkun. Ibẹ̀ ló kúkú wà. Wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn yẹn, ẹ̀rù sì ń bà mí pé mo lè rí i.